Ẹni Tó Ń Yọjú Nílé Àtijọ́

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹjọ, 2012

Ọ̀rẹ́ mi ní Ilé Àtijọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ku mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, wọ́n lé ní ọgọ́sàn-án. Àwọn kan ti ojú ewé wọn pa. Àwọn yòókù fi tiwọn sílẹ̀ gbayawu, fọ́tò wọn ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, àwọn fúnra wọn ti wà ní Ilé Tuntun. Tí mo bá kí wọn, kò sẹ́ni tó ń dáhùn.

Èmi Abdias Quirino, mi ò kó lọ síbì kankan.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mo jẹ́ kí n tó mọ̀wé kà, ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́, láàárín àwọn tí mo lè bí lọ́mọ. Olùkọ́ ní kí n máa kọ nǹkan kan lójoojúmọ́ kí ọwọ́ mi má baà gbàgbé. Mo ṣì ń kọ ọ́. Kò sí biríkì kan nínú ìlú yìí, láti ṣọ́ọ̀ṣì títí dé ilé-ẹjọ́, tí kò ti inú ààrò mi jáde. Nígbà tí ìjọba fi omi bo ìlú àkọ́kọ́, ta ló mọ ìlú tuntun? Kí wọ́n bèèrè.

Ẹ̀rí mọ́kànlélógójì ni mo ní nílé Àtijọ́. Ènìyàn á kọ ọ́ nípa mi, á fi ránṣẹ́, màá tẹ Gbà, gbogbo ayé á máa kà á: "Bàbá Abdias ò lẹ́gbẹ́." "Òkè ni Bàbá Abdias." Irú ìyẹn. Bọ́tìnnì kejì wà tí wọ́n kọ Kọ̀ sí. Mi ò tíì tẹ ìyẹn rí. Dókítà tó kàwé kárí ayé, mọ́kàndínlógún péré ló ní.

Ní ilé kọ̀ǹpútà Zulmira ni mo ti ń wò ó. Ó tún bẹ̀rẹ̀ lónìí. "Bàbá Oníbíríkì, ẹ jẹ́ kí n kó yín lọ sí Ilé Tuntun. Ẹ̀yin àti alángbá nìkan lẹ kù níbẹ̀ yẹn." Mo ní alángbá kì í rojọ́ tó ìwọ.

Ìdí tí mi ò fi lè lọ, mi ò sọ fún un. Ní ẹ̀gbẹ́ ojú ewé mi, wọ́n máa ń to orúkọ àwọn tó yọjú wò mí síbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni orúkọ kan ń wà níbẹ̀. Gildete. Deta mi. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ọdún mẹ́jọ rèé tó tẹ̀lé ọkùnrin kan tí mo ń pè ní Onítáì lọ sí São Paulo, tí mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ ilé mi mọ́. Kì í kọ ọ̀rọ̀ kankan. Á yọjú, á lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹjọ

Ó yọjú.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹjọ

Otoniel ti kó lọ. Otoniel! Ọkùnrin tó jẹ́ pé bàtà awọ kan náà ló ń wọ̀ láti ìgbà tó ti ń tukọ̀.

Mo bá a nídìí dómínò. Mo ní kí ló lé ọ? Ó ní kò sí ohun tó lé òun. Òun kí ènìyàn mẹ́wàá kú ọjọ́ìbí nílé Àtijọ́, kò sẹ́ni tó ní o ṣé. "Ṣé kí n máa kí ògiri ni, Abdias? Ìwọ ni biríkì ń dá lóhùn."

Ìyàwó dókítà ló kọ́kọ́ lọ, ó ti tó ọdún méjì. Ó ní Ilé Àtijọ́ ti kún fún àwọn tí kò mọ̀wé kọ, tí wọ́n ń fi fọ́tò adìyẹ sísun kí ara wọn. Èmi ló ń bá wí. Adìyẹ mi ni. Mo ti rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí omi ń bọ̀, àwọn ọlọ́lá ló kọ́kọ́ kúrò, wọ́n lọ mú ilẹ̀ tó ga. Àlùfáà tẹ̀lé wọn, ó gbé aago ṣọ́ọ̀ṣì. Oníbúrẹ́dì tẹ̀lé àlùfáà. Ó ku oṣù mẹ́ta gbáko kí omi tó dé àdúgbò wa, àwọn ènìyàn ti ń di ẹrù. Kì í ṣe omi ló lé wọn. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni. Ènìyàn á jí, kò ní gbọ́ ikọ́ aládùúgbò rẹ̀, ẹ̀rù á bà á, á sáré wá ọmọlanke. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ilé Tuntun yìí. Wọ́n ní fọ́tò dára níbẹ̀, eré wà níbẹ̀. Irọ́ ni. Wọ́n lọ torí pé àwọn ẹlòmíràn ti lọ.

Èmi ni mo jáde kẹ́yìn nígbà náà. Omi ti dé mi lórúnkún. Ìlẹ̀kùn ilé mi, orí ni mo fi rù ú jáde.

Ó yọjú, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Tí mo bá wò ní aago mọ́kànlá, kò ní í sí. Tí mo bá wò ní aago kan, orúkọ rẹ̀ ti wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹjọ

Àyájọ́ àwọn bàbá. Mo sun ewúrẹ́ kan, èmi àti Otoniel ló jẹ ẹ́.

Zulmira ké pè mí láti òdìkejì òpópónà. "Bàbá Oníbíríkì! Ọmọ yín kí yín o, gbogbo ìlú ti rí i àfi ẹ̀yin!" Mo bá a wọlé. Ilé Tuntun ló ṣí fún mi. Fọ́tò Deta nìyí, ó ń dán bí orógbó tí a bó. Lábẹ́ rẹ̀: "Kú àyájọ́ àwọn bàbá, Dádì mi ọ̀wọ́n. Inú ìbùkún ni mo wà pẹ̀lú ọkọ mi." Zulmira ní, "Ẹ rí i? Ibí ni ọmọ yín wà, ó ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Kí lẹ wá ń dúró dè nínú ahoro yẹn?"

Dádì.

Deta ò pè mí ní Dádì rí. Bàámi ni. Nígbà tó ń sunkún, Bàámi. Lọ́jọ́ tó fọ́ abọ́ mọ́ ògiri tó ní òun ń lọ, Bàámi ló pè mí kí ó tó fọ́ ọ. Bóyá São Paulo ló yí i lẹ́nu padà. Ìlú ńlá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo gbé ìtìjú tà, mo pe fóònù rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ! Onítáì ló gbé e. Ohùn rẹ̀ tutù bí ọṣẹ. Ó ń wẹ̀, bàbá. Mo tún pè. Ó ń sùn, bàbá. Mo pè lẹ́ẹ̀kẹta. Ó ti jáde, bàbá. Ó ti wẹ̀, ó ti sùn, ó ti jáde, láàárín wákàtí kan.

Nílé Àtijọ́, kò yọjú lónìí. Ọjọ́ Àìkú ni kì í yọjú.

Ọjọ́ Ajé, 13 Oṣù Kẹjọ

Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún Zulmira. Ó ní kò jọ òun lójú. Àìsàn kan wà tí ń mú kọ̀ǹpútà, ojú ewé tí olúwa rẹ̀ ti pa tì á máa rìn kiri fúnra rẹ̀, á máa yọjú síbi tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. "Kì í ṣe Deta ló ń yọjú, bàbá. Ilé rẹ̀ tó fi sílẹ̀ ló ń rìn."

Mo ní ilé kì í rìn. Ó ní ó dáa, ẹ wá wo èyí. Ó fi Firmino hàn mí, Firmino aṣọ́gbà tí a sin ní oṣù kẹta. Àná ni Firmino fi ìwé ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá òun bomi rin àgbàdo nínú eré oko. Ó ti bẹ ènìyàn ọgbọ̀n. Fọ́tò rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, eyín iwájú kò sí.

Èmi ni mo fi biríkì dí ibojì ọkùnrin yẹn. Ọwọ́ ara mi.

Mo ní kí Zulmira sọ fún Firmino pé ọwọ́ mi dí.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ó ti di méjì báyìí. Ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, kò yọjú. Ọ̀kan ń yọjú, kò sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán òní, èyí tí kì í sọ̀rọ̀ tún yọjú.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹjọ

Mo mú awò ojú mi dání lónìí. Mo ní kí Zulmira tún ṣí Ilé Tuntun, kí ó jẹ́ kí n wo gbogbo fọ́tò Deta láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń fi ojú mọ biríkì tí iná kò jẹ dénú, kò sí ohun tí a lè fi pamọ́ fún un.

Fọ́tò mẹ́tàdínlógún. Ẹ̀rín kan náà. Irun kan náà, kò gùn sí i, kò kúrú. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn yẹn, èmi ni mo rà á fún un, ọdún tó kúrò nílé. Ibi tó dúró sí ló ń yí padà: etí òkun, ṣọ́ọ̀ṣì, ìdí igi Kérésì. Òun kò yí padà. Ní etí òkun, òjìji gbogbo ènìyàn wà lápá òsì. Tirẹ̀ kò sí rárá.

Zulmira ní wọ́n lè fi kọ̀ǹpútà lẹ fọ́tò mọ́ fọ́tò. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 17 Oṣù Kẹjọ

Mo ní kí Zulmira lo orúkọ ara rẹ̀, kí ó bi Deta Ilé Tuntun léèrè: kí ni ìyá rẹ ń pe ewúrẹ́ dúdú tó máa ń jẹ aṣọ lórí okùn?

Kí a tó mu kọfí tán, ìdáhùn dé. "Dádì ló ní kí ẹ bi mí, àbí? Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ àtijọ́ sílẹ̀. Iwájú ni ọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí."

Olóògbé aya mi pe ewúrẹ́ yẹn ní Sójà. Gbogbo àdúgbò mọ̀. Deta sunkún fún odidi ọ̀sẹ̀ nígbà tí a pa á.

Zulmira mú àkísà. Ó nu tábìlì tí kò dọ̀tí. Ó ní, "Bàbá, ẹ má kó kúrò nílé Àtijọ́ yín."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Oṣù Kẹjọ

Ó yọjú. Mo wo orúkọ rẹ̀ títí kọfí mi fi di omi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹjọ

Deta kọ̀wé!

Ẹ̀rí kejìlélógójì! Mo dé ibẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Zulmira wà lẹ́yìnkùlé, ó ń bá àwọn oníná jà. Mo jókòó, mo rí orúkọ ọmọ mi, kì í ṣe ní ẹ̀gbẹ́, àárín gbùngbùn ni. Awò mi sì wà nílé, orí rédíò. Ìlà àkọ́kọ́ nìkan ni mo lè kà, ìyẹn náà mo fi ìka tẹ̀lé e lórí dígí bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi: "Bàámi, ẹ má gbà á."

Bàámi. Omi dà lójú mi. Ìwé yìí nìkan ni mo sọ ọ́ fún.

Ẹ má gbà á. Oríkunkun mi náà ló jogún. Ó ń bẹ̀bẹ̀, ó tún di ìkúùkù. Ó rò pé bí mo ṣe lé òun lọ́jọ́sí náà ni màá ṣe lé ẹ̀rí òun. Ọmọ ń sọ pé má gbà mí, kí ni bàbá ń ṣe? Mo tẹ Gbà. Mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Mo gba ìdí dómínò lọ. Mo ní ọmọ mi kọ ẹ̀rí nípa mi. Otoniel ní kí ló kọ? Mo ní màá mú awò dání lọ́la, ìyìn ni, kí ni ì bá tún jẹ́? Ó ní, "Abdias, tí wọ́n bá kọ ọ́ pé o ti kú, ìyìn lo máa pè é." Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Mo ní kí wọ́n fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ní ọtí. Kò sí bàbá tó dà bí mi ní etí adágún yìí lónìí.

Ọjọ́rú, 22 Oṣù Kẹjọ

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo mú awò lọ. Àmọ́ Zulmira ló kà á, torí ó sáré jù mí lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí, mo ní kí ó pè é fún mi kí n dà á kọ:

"Bàámi, ẹ má gbà á. Ẹ kà á tán kí ẹ tẹ Kọ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé nílé Tuntun kì í ṣe èmi, Evandro ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni fóònù àti owó mi wà, kò jẹ́ kí n wá sílé. Ó ti kó kúrò níbí, kì í wo ibí mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi dúró. Ilé oníṣègùn eyín kan ni mo ti ń gbálẹ̀, ní Vila Ardósia, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀. Tí dókítà bá lọ jẹun lọ́sàn-án, mo máa ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ wo ojú yín. Ẹ rán ẹnì kan wá mú mi. Mi ò ní mọ̀ ọ́n, torí náà kí ó sọ ohun tí mo máa ń sáré wá sọ fún yín nígbà tí mo wà ní kékeré: Ààrò ti gbóná. Ẹni tó bá sọ ọ́, màá tẹ̀lé e láìbèèrè."

Zulmira ní, "Bàbá, ta ló tẹ Gbà?"

Mo ní èmi ni.

Ó di orí mú. "Haa, Bàbá Abdias! Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n! Tí ènìyàn bá ní àṣírí, á kọ ọ́ bí ẹ̀rí, á ní má gbà á. Wàá kà á, wàá kọ̀ ọ́, á parẹ́. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ sí ara wa létí nìyẹn. Tí ẹ bá gbà á, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ sójú ọjà, wọ́n á tún fi lẹ́tà sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ ẹni tó kọ ọ́!"

Mo ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n torí kò sẹ́ni tó ní àṣírí bá yín sọ rí. Ìyìn nìkan lẹ ń gbà." Ó sọ ọ́ tán, ó bẹ̀ mí. Mo ní kí ó má bẹ̀ mí.

Ó pa á rẹ́. Ó ti wà níta láti ọ̀sán àná.

Ní ẹ̀gbẹ́ ojú ewé mi, àwọn tó yọjú: Deta. Lókè rẹ̀, Evandro, Onítáì fúnra rẹ̀. Ọdún kan gbáko, orúkọ yẹn ò sí níbẹ̀. Táì rẹ̀ pupa.

A kọ ẹ̀rí sí Deta lójú ẹsẹ̀: má gbà á, má tẹ̀lé ẹnikẹ́ni, èmi fúnra mi ń bọ̀. Ọ̀sán ti kọjá. Ó di ọ̀sán ọ̀la kí ó tó lè rí i.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Kẹjọ

Aago méjìlá. Aago kan. Aago méjì. Kò yọjú.

Zulmira pe oníṣègùn eyín mẹ́sàn-án ní Vila Ardósia. Wọn ò mọ Gildete. Àwọn yòókù ò gbé fóònù. Ó pe ọlọ́pàá ibẹ̀. Wọ́n ní kí ó dúró. Wọ́n lọ wo Ilé Tuntun. Wọ́n ní obìnrin náà ń kọ̀wé lójoojúmọ́, ara rẹ̀ yá, kí bàbá sinmi.

Òótọ́ ni, ó kọ̀wé lónìí. Fọ́tò aláṣọ ọsàn yẹn náà. "Ara mi le. Ẹ má dààmú, Bàámi."

Bàámi. Ó ti mọ̀ ọ́n pè.

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Oṣù Kẹjọ

Lónìí ni bọ́ọ̀sì São Paulo ń lọ, kò sí òmíràn kí ó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Otoniel gbé àpótí mi dé ibùdókọ̀, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Zulmira ní òun á máa wo ẹ̀gbẹ́ ojú ewé mi fún mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Oṣù Kẹjọ

Nínú bọ́ọ̀sì. Mo pe Zulmira níbi tí wọ́n ti dúró jẹun. Kò yọjú.

Ọjọ́ Ajé, 27 Oṣù Kẹjọ

Mo rí ilé oníṣègùn eyín náà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin tí mo wọ̀ ni. Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì lójú fèrèsé. Àga tí ó ń jókòó sí wà níbẹ̀.

Mo bi obìnrin tó ń gba orúkọ aláìsàn. Ó ní, "Gildete? Kò wá láti Ọjọ́bọ̀ o, bàbá. Kí lẹ jẹ́ sí i?"

Mo ní èmi ni bàbá rẹ̀.

Ojú rẹ̀ tàn. "Haa, ẹ̀yin lẹ rán wọn wá! Bàbá àgbàlagbà kan ni, ó dé fìlà bí ti àwọn ará ọ̀dọ̀ yín. Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó dúró lẹ́nu géètì, kò tilẹ̀ wọlé. Gbólóhùn kan ló sọ, nǹkan bí ààrò, pé ó ti gbóná. Kò yé wa. Gildete ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀! Ọdún mẹ́ta tó ti wà lọ́dọ̀ wa, a ò rí i kí ó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí. Ó sáré wọ inú ọkọ̀, kò rántí àpò rẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó gbé àpò náà fún mi. Ó ní kí n bá àwọn gbé e fún un, kí n sì bá àwọn kí i.